Olóòtú Tuntun àti Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kò sí ọmọ Yorùbá tí mo ní láti túmọ̀ ìyẹn fún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe olóòtú jọ́nà akadá, òwe yìí ni mo sì máa ń fi bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n bá mi yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá bí mi nínú débi pé láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá òwe náà jiyàn.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ló wá bá mi nílé ní Festac, ní Èkó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi dúró sójú títì, kẹ̀kẹ́ sì kọ̀ láti wọ àdúgbò wa, ló bá fẹsẹ̀ rìn wọlé láti Agboju, ó fi bàtà sọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì fa fáìlì kan yọ láti inú báàgì rẹ̀. Ọ̀rá méjì ló fi wé e kí òjò má baà kàn án.

Bébà rẹ̀ ló wà nínú fáìlì náà. Ẹ̀ka-èdè Àwórì ló kọ ọ́ lé lórí, bí àwọn baba apẹja ṣe ń sọ ọ́ ní àwọn ìletò etí omi tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ní Irede àti ní Ibeshe, níbi tí àwa tá a wà ní Festac kì í dé àfi ká wọ ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ àwọ̀n, orúkọ ìgbì, orúkọ tí wọ́n ń pe omi nígbà tó bá ń kún àti nígbà tó bá ń fà. Ọdún méjì gbáko ló fi ń lọ bá wọn jókòó, tó ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán, mo sì sọ fún un nígbà náà pé iṣẹ́ gidi ni.

Jọ́nà tó fi í ránṣẹ́ sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Olóòtú tuntun ló wà níbẹ̀, kò tíì lo ọdún kan nípò. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí èsì tó dé. Nígbà tó máa dé, ohun tó dé ni ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò méjì. Olùyẹ̀wò kìn-ín-ní ní kó yí gbogbo àpẹẹrẹ inú iṣẹ́ náà sí Yorùbá àjùmọ̀lò, pé àkọtọ́ kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò kejì ní àwọn àpẹẹrẹ yẹn gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, kó má ṣe fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn, kó kúkú yọ apá ìtàn dànù. Olóòtú lẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì kọ ìlà kan ṣoṣo sókè rẹ̀: kí ó tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn olùyẹ̀wò ti sọ, kí ó dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo bi í pé, “Ti ta lo wá ṣe nínú àwọn méjèèjì?”

Ó ní, “Bàbá, mo gbìyànjú láti ṣe tàwọn méjèèjì ni, sà.”

Ó ṣí ojú ìwé kẹsàn-án fún mi. Níbẹ̀ ni àtẹ orúkọ àwọ̀n wà tẹ́lẹ̀. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà gba àárín ọ̀rọ̀ àwọn baba apẹja kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ Yorùbá ilé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọ̀n. Àwọ̀n. Àwọ̀n. Àwọ̀n. Orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwọn àgbà ń pe oríṣi àwọ̀n mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti dà. Àtẹ náà ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò nígbà tó ń fi ìka tọ́ka sí i, omi ti lé ròrò sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti àkọtọ́ yìí, nítorí ó dùn mí. Àkọtọ́ ni ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875, títí kan ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ ní 1965, títí dé èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, lẹ́tà àti àmì ohùn àti pínpín ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá yí: ká kọ ẹyẹ dípò ẹiyẹ, ká kọ àyà dípò aiya. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti pàṣẹ pé kí ará Àwórì má sọ Àwórì mọ́. Ní 1967, Abíọ́dún Adétugbọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Columbia pẹ̀lú iṣẹ́ tó fi pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè mẹ́ta. Ká ní ẹnìkan ti ní kó kọ́kọ́ sọ gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò ni, agbègbè mẹ́ta wo ni ì bá rí pín?

Síbẹ̀, kì í ṣe olùyẹ̀wò yẹn ni mo ń bá wí. Olùyẹ̀wò lè ṣì í. Ó lè rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó kà á, ó lè má gbọ́ ẹ̀ka-èdè náà rárá, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ti tó ìkẹfà tí wọ́n kó bá a lọ́dún yẹn. A ò ní kí olùyẹ̀wò má ṣì í. Ohun tí a ṣe fi ẹnìkan sípò olóòtú ni pé kí ẹnìkan wà tí yóò rí i nígbà tí olùyẹ̀wò bá ṣì í. Olóòtú yẹn ò rí nǹkan kan, nítorí kò ka bébà náà. Ọwọ́ mi ni mo fi sọ̀yà. Ẹni tó bá ka ojú ìwé kẹsàn-án yẹn lẹ́ẹ̀kan péré kò lè kọ irú ìlà yẹn sókè lẹ́tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé, olóòtú àná ti di ọ̀gá àgbà tàbí ó ti lọ sókè òkun, wọ́n wo yàrá yíká, wọ́n sì dárúkọ ẹni tí kò tíì ní agbára láti sọ pé rárá. Wọ́n gbé àpò Ghana-Must-Go kan lé e lọ́wọ́, bébà ogún tàbí ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, òmíràn ti lo ọdún mẹ́ta. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ímeèlì kan fún un tí kò ṣí mọ́. Ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu pé ó sá sábẹ́ òwe wa, tó gbà pé bí òun bá ṣá ti rí ọlọ́gbọ́n méjì tó sọ̀rọ̀, òun ti bọ́.

Òwe náà ní òtítọ́ tirẹ̀ o, òtítọ́ tó tóbi. Ní 1936, Albert Einstein àti Nathan Rosen fi bébà kan ránṣẹ́ sí Physical Review ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìṣirò àwọn fi hàn pé ìgbì òòfà (gravitational waves) kò sí lójú ọ̀run. John Tate ni olóòtú. Ó fi bébà náà han olùyẹ̀wò kan, ẹni yẹn sì kọ ojú ìwé bíi mélòó kan lórí àṣìṣe tó rí. Inú bí Einstein. Ó kọ̀wé pé àwọn kò ní kí wọ́n lọ fi iṣẹ́ àwọn han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Jọ́nà mìíràn ló gbé e jáde ní 1937, ṣùgbọ́n kó tó jáde, Einstein fúnra rẹ̀ ti yí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, nítorí àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Howard Robertson ni olùyẹ̀wò náà. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, ẹ̀rọ LIGO gbọ́ ìgbì òòfà náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí a bá rí àgbà kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ayé ìgbà yẹn, Einstein ni, ọgbọ́n Robertson ni kò sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé ohun tó wà kò sí.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró sí nìyẹn. Èmi ò dúró níbẹ̀. Ta ló ní kí bébà Einstein lọ sọ́dọ̀ olùyẹ̀wò? Tate ni. Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi bó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú irú orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ó ti ní láti wo bébà náà kí ó tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ojú mìíràn wò, ó sì ní láti kọ lẹ́tà sí Einstein ní orúkọ ara rẹ̀. Ọgbọ́n jẹ́ ti Robertson, àyà jẹ́ ti Tate. Òwe wa kò sọ nǹkan kan nípa àyà yẹn.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 2013, oníròyìn sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ John Bohannon kọ bébà èké nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ kó àṣìṣe sínú rẹ̀, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì lè rí, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 káàkiri ayé. 157 gbà á. Àwọn ènìyàn ń pariwo iye yẹn, iye mìíràn ni èmi kò lè gbàgbé. Nínú gbogbo 304 náà, 36 péré ni olùyẹ̀wò ti rí i pé iṣẹ́ náà ní àìsàn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú 36 yẹn, olóòtú 16 ṣì gbà á wọlé. Ọlọ́gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ ní funfun àti dúdú pé bébà yìí kò dára, olóòtú sì fọwọ́ sí i pé ó dára. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà lórí tábìlì, kò sì gba àgbà mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ wèrè.

Èmi náà ti jẹ̀bi. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, olùyẹ̀wò méjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí bébà kan tó dá lórí oríkì. Dípò kí n jókòó kà á kí n sì mọ èwo ni mo gbà, mo wá ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Mo wá ẹ̀kẹrin. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi kó ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n jọ, ẹni tó kọ iṣẹ́ náà sì wá gbà á kúrò lọ́wọ́ mi pẹ̀lú lẹ́tà ìlà méjì tó kún fún ọ̀wọ̀. Mo ṣì ní lẹ́tà yẹn. Ìgbà tí mo tún bébà náà kà lẹ́yìn tó ti lọ ni mo rí i pé olùyẹ̀wò kejì tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán kan péré ni ì bá gbà mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí olóòtú tuntun kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: kó kàwé. Kó tó ronú nípa ìkànnì, kó tó pààrọ̀ àwọ̀ èèpo ìwé, kó tó kó orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ogún sínú ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn tí kò ní pé jọ láé, kó tú àpò Ghana-Must-Go yẹn sílẹ̀, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan: ọjọ́ tí bébà dé, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí a retí rẹ̀, ìgbà tí a rán olùyẹ̀wò létí. Kó kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ní bébà nínú àpò náà, kódà bó bá jẹ́ ìlà kan, pé òun ni olóòtú báyìí, iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ òun, òun yóò sọ ibi tó dé fún wọn ní ọjọ́ báyìí. Àwọn mìíràn á ti gbé e jáde níbòmíràn, wọn á sọ bẹ́ẹ̀, àpò á fúyẹ́.

Èyí tí kò bá jọ́nà rẹ mu, dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò burú. Ohun tó burú ni kí o pa á mọ́ fún oṣù mẹ́fà nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti sọ pé kì í ṣe tiwa. Fún ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ìgbéga rẹ̀ rọ̀ mọ́ bébà mẹ́ta, rárá tó yá sàn fún un ju bóyá tó pẹ́ lọ. Ọdún 2022 nìkan, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ olóòtú kí ìyanṣẹ́lódì yẹn tó bẹ̀rẹ̀, tó sì tún bá a nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò san ọdún yẹn padà fún un?

Lẹ́yìn èyí ni kí o wá ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó mọ nǹkan náà ni kí o wá, kì í ṣe ẹni tí oyè rẹ̀ gùn. Nígbà tí K. O. Dike àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1955, tí jọ́nà ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ọ̀pọ̀ àwọn tí ayé ń pè ní amòye ìtàn nígbà náà ni kò gbà pé ìtàn ẹnu àwọn baba wa lè jẹ́ ẹ̀rí rárá. Bí àwọn yẹn nìkan bá jẹ́ olùyẹ̀wò, kí ni ì bá jáde? Ẹni tí o bá fi bébà hàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Bébà Àwórì, wá ẹnìkan tó ti jókòó ti ará Àwórì rí. Má fi í han ẹni tó kọ́ òǹkọ̀wé náà níṣẹ́, má fi í han ẹni tí ìjà wà láàárín wọn. Kọ́kọ́ bi í bóyá àyè wà fún un kí o tó fi ránṣẹ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí o kò gbúròó, wá ẹlòmíràn, má bínú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn bá dé, iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ wo lẹ́tà tí olóòtú yẹn ì bá kọ. Ẹ̀yìn fáìlì ọmọbìnrin náà ni mo kọ ọ́ sí lójú rẹ̀:

“Mo ti ka iṣẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ohun tí olùyẹ̀wò méjèèjì sọ. Má yí ọ̀rọ̀ Àwórì kankan padà. Lórí èyí, mi ò gba ti olùyẹ̀wò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n fi ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò gbọ́ Àwórì lè bá ọ lọ. Apá ìtàn gùn: dín in kù sí ojú ìwé méjì, má yọ ọ́ tán. Olùyẹ̀wò kejì béèrè iye ènìyàn tí o gba ohùn wọn àti ọjọ́ orí wọn. Ìyẹn pọn dandan. Ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ. Mo ń retí rẹ̀ ní oṣù méjì.”

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti kọ ọ́. Kíkà ló gba wákàtí kan ààbọ̀, ọmọ náà sì jókòó tì mí títí mo fi kà á tán, ó ń mu gààrí tí ìyàwó mi gbé fún un. Nígbà tó ka ìlà kejì lẹ́tà náà, ó mí kanlẹ̀.

Ẹ wo bí “mi ò gba” ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣòro jù lọ fún àwọn olóòtú wa, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá. Olùyẹ̀wò lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní ọdún kìn-ín-ní, olóòtú sì lè jẹ́ olùkọ́ kékeré tí kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kí ọmọdé wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gba ti àgbà! Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a ń gbà sọ ọ́ láì rí àgbà fín. Kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà pé, ẹ ṣé gan-an sà, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ó ràn mí lọ́wọ́ níbi báyìí àti báyìí. Lórí ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ, mo ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé orí wọn ni iṣẹ́ náà dúró lé. Mo ti kọ irú rẹ̀ sí àwọn àgbà tí mo bẹ̀rù. Ẹnìkan ṣoṣo ló bá mi jà, òun náà sì tún bá mi yẹ bébà mẹ́ta wò lẹ́yìn náà.

Nǹkan náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ pé àgbà ló kọ bébà. Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ á fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí pé òun fẹ́ rí i nínú èyí tó ń jáde lóṣù tó ń bọ̀. Níbí, mo gbà fún òwe wa pátápátá, ẹ lò ó bí asà. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, gbogbo iṣẹ́ tó wọlé ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹni méjì, tèmi náà lọ.” Kí ó sì jẹ́ òótọ́ pé tìrẹ náà lọ. Bí o bá máa tẹ bébà ara rẹ nínú jọ́nà tí ìwọ ń ṣe olóòtú rẹ̀, kí ẹlòmíràn bá ọ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o má mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò tẹ ìkankan nínú tèmi ní gbogbo ọdún mọ́kànlá náà.

Ti owó, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Bí jọ́nà rẹ bá ń gba owó àyẹ̀wò tàbí owó ìtẹ̀wé, kọ iye rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí ó wọ àpò jọ́nà ní báńkì, má ṣe jẹ́ kó wọ àpò rẹ. Ẹni tó bá ń ta lẹ́tà ìgbàwọlé kí ẹnikẹ́ni tó ka bébà, olè ni. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé lónìí tó ń kọ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sí èèpo rẹ̀ kí ìgbéga ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sí i, irọ́ ló ń tẹ̀. Gba nọ́ńbà ISSN lọ́dọ̀ ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ bí jọ́nà rẹ kò bá ní. Bá àwọn AJOL sọ̀rọ̀, àwọn tó ti ń gbé jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998. Wọ́n ti ran ọ̀pọ̀ jọ́nà wa lọ́wọ́.

Ọlọ́gbọ́n tuntun kan ti dé sí i báyìí, ẹ̀rọ ni. Turnitin á ní ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún bébà yìí jọ ohun tó ti wà nílẹ̀, olóòtú á sì dá a padà lójú ẹsẹ̀ láì wò ó. Ẹ wò ó! Bí ẹnìkan bá kọ bébà lórí ẹsẹ Ifá tó sì fi ẹsẹ náà síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀rọ á pè é ní olè, nígbà tí ìwé mìíràn tí wọ́n jí látòkèdélẹ̀ tí wọ́n kàn yí èdè rẹ̀ padà á kọjá lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n ti ń sọ fún mi pé àwọn olùyẹ̀wò kan ń da bébà oníbébà sínú ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé, kí ó bá wọn kọ èsì. Bí olùyẹ̀wò kò bá kà á, tí olóòtú kò bá kà á, ta ló kà á?

Bí o bá sì ń ṣe jọ́nà tí a fi Yorùbá kọ, bíi Láàńgbàsà tí yunifásítì Èkó ń gbé jáde, mo bẹ̀ ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wo ẹ̀dà tó kẹ́yìn kó tó lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀. Àmì ohùn máa ń sá lọ lórí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé. Mo ti rí bébà kan lórí ọkọ̀ ojú omi tó jáde tán tí gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ ti di ọkọ, ojú ìwé méjìlá tí àwọn apẹja fi ń gun ọkọ wọn lọ sí ojú omi. Kò sí olùyẹ̀wò tó lè gbà ọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tiwọn ti parí nígbà yẹn.

Ìlú tí mo ń gbé yìí, àwọn àlejò FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà ènìyàn dúdú, ni wọ́n kọ́ ọ fún, àwọn tó wá láti 15 oṣù kìn-ín-ní títí di 12 oṣù kejì 1977. Ijó àti eré ni àwọn ènìyàn ń rántí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ pàdé pẹ̀lú, wọ́n ka bébà lórí ọ̀làjú ènìyàn dúdú àti ẹ̀kọ́. Ijó ti parí, àwọn ilé ti ń jò, títì ti bàjẹ́. Bébà wọn wà nílẹ̀ nítorí pé àwọn kan jókòó tì wọ́n lẹ́yìn tí àlejò lọ, wọ́n tò wọ́n, wọ́n sì sọ wọ́n di ìwé. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Orúkọ wọn kì í sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà pa gbogbo bírò pupa yẹn rẹ́, kí ó dá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà padà sí àyè wọn, kí ó sì kọ̀wé sí olóòtú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó bi í pé èwo ni òun fúnra rẹ̀ gbà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì. Ó ti kọ ọ́. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, kò tíì rí èsì. Ọ̀kan nínú àwọn baba apẹja tó sọ orúkọ àwọ̀n wọ̀nyẹn fún un ti kú ní Irede ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí.

Olóòtú, bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o mọ ara rẹ. Bébà náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, ṣí ojú ìwé kẹsàn-án, kí o kà á.